Ẹni Tí Kò Dáhùn Kò Sọ Pé Kò Sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí dáadáa. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé kó jókòó. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, kó gbé àga rẹ̀ bọ̀ níwájú, kí ẹ̀yin ọmọdé sì ká ẹsẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ ìdùnnú ò sì ṣeé jù síni láti òkèèrè. Ó tó, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ìyá Aláago. Kì í ṣe pé ó ń ta aago ọwọ́ o. Aago tí a fi ń pe ara ẹni láti ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá kékeré kan ló ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí, yàrá tó jẹ́ pé bí èèyàn méjì bá jọ dìde níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ èkejì. Tábìlì kan wà níbẹ̀, tẹlifóònù dúdú kan, ìwé ìkọ̀wé kan tó nílà, àti bírò kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì tí kì í rí bírò kí wọ́n má gbé e.

Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ilé ìwòsàn náà ò ní ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nípamọ́. Ilé ẹ̀jẹ̀ mẹ́fà ló wà káàkiri ìlú, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Bí dókítà bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, Ìyá Aláago ló máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ káàárọ̀ o. Irú ẹ̀jẹ̀ báyìí-báyìí, ṣé ẹ ní in? Àpò mélòó?" Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Bí aago bá ń dún lọ́hùn-ún tí ẹnì kan ò tíì gbé e, á máa kọrin sí i:

*Ẹ gbé e o, ẹ gbé e,*
*Aago ń ké, ẹ gbé e.*
*Ẹni tó sùn, kó jí,*
*Ẹni tó jókòó, kó dìde.*
*Ẹ̀mí èèyàn ló wà lẹ́nu ọ̀nà,*
*Ẹ gbé e o, ẹ gbé e.*

Àìmọye ìgbà ni àwọn ará ibẹ̀ gbé aago láàárín orin, tí wọ́n sì dúró kí ó parí rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Kò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta ló dé tí ó fi fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ létò. Ojúewé kan fún ọjọ́ kan, òpó mẹ́fà fún ilé mẹ́fà. Bí ilé kan bá ní àpò mẹ́ta, á fa ìlà mẹ́ta. Bí wọ́n bá ní kò sí, á kọ oódo roboto kan.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láàárọ̀ á dùn bí fèrè, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti máa ha bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà tó ń wo ọ̀fun yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́dọ̀ dín ọ̀rọ̀ kù."

Ìyá wò ó. "Dókítà, ẹ lọ sọ fún ẹja pé kó dín omi kù."

Ọ̀gá ilé ìwòsàn gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún ronú. Ilé ẹ̀jẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ní kọ̀ǹpútà tiwọn tí wọ́n ń kọ iye àpò sí. Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà tiwa ò lè máa bi tiwọn léèrè? Ó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà káàkiri, ẹni tí ó sì rí ni ìyàwó ọmọ Ìyá Aláago fúnra rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú, tí Ìyá kì í pè ní nǹkan mìíràn ju Ìyàwó lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyàwó dé ibi iṣẹ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kékeré yẹn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yín."

"Èmi? Kí n kọ́ ìwọ tí o kàwé títí tí ìwé fi ń sá fún ọ?"

"Ìwé ò kọ́ mi ní ohun tí ilé kẹta máa ń ṣe bí inú wọn ò bá dùn."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ó dáa, jókòó. Fún ara rẹ pọ̀, ibí kéré."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyakọ àti ìyàwó ilé ṣe jọ jókòó, orúnkún kan orúnkún, fún ọ̀sẹ̀ méje. Ìyá ń sọ ìwà ilé kọ̀ọ̀kan, Ìyàwó ń kọ ọ́, òun náà sì ń yẹ kọ̀ǹpútà wọn wò. Ilé kìíní kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi tí ó bá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fún un. Ilé kejì kì í ka àpò, ìwọ̀n ló máa ń sọ, èèyàn gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ pín in. Ilé kẹta ti fún irú ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, O nẹ́gétíìfù ni wọ́n ń pè ní méje, ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ ti kú. Ilé kẹrin ló tóbi jù, òun náà ló sì ń falẹ̀ jù. Ilé karùn-ún máa ń yí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé kẹfà ńkọ́?

"Tí ẹ bá bi ilé kẹfà ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín wákàtí kan," Ìyàwó sọ, "á bínú, á tilẹ̀kùn mọ́ yín."

"Bíi bàbá ọkọ rẹ gẹ́lẹ́," Ìyá dáhùn.

Ní ọjọ́ kan, Ìyá bi í pé kí ni nǹkan tó ń kọ́ yìí gan-an, kó sọ ọ́ kó yé òun.

"Màámi, ẹ wo dókítà. Kò yẹ kó mọ̀ pé ilé kẹta ń pe O nẹ́gétíìfù ní méje. Tirẹ̀ ni kó béèrè lẹ́ẹ̀kan: ta ló ní ẹ̀jẹ̀ yìí, àpò mélòó? Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà láàárín òun àti àwọn ará ìta. Nǹkan yẹn á gba ìbéèrè lẹ́nu rẹ̀, á lọ bá ilé kọ̀ọ̀kan sọ èdè tirẹ̀, á kó ìdáhùn gbogbo wọn jọ sínú àwo kan, á gbé e síwájú dókítà. Tí ilé karùn-ún bá tún yí àdírẹ́sì padà lọ́la, nǹkan àárín yẹn nìkan ló máa kàn. Dókítà ò tiẹ̀ ní mọ̀."

Ìyá gbọn orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹni tó ń báni béèrè ni."

"Ẹ ò rí i! Màámi, ẹ ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Èmi fi ojúewé mọ́kàndínlógún ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Abánibéèrè.

Ìyàwó kó ìwé ìkọ̀wé Ìyá ti oṣù mẹ́ta lọ sílé kó lè mọ bí a ṣe ń to ìdáhùn pọ̀. Ó wò ó látòkè délẹ̀. Ohun tí kò bá yé e, á béèrè. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó rò pé ó yé òun, kò sì béèrè rẹ̀. Ìyá náà ò sì sọ ọ́, nítorí pé lójú tirẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Ọjọ́ tí Abánibéèrè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó dà bí ọjọ́ ìkómọ. Dókítà tẹ ìbéèrè kan, kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ilé mẹ́fà ti jókòó lórí ojú kọ̀ǹpútà, olúkúlùkù pẹ̀lú iye àpò rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ìyá Aláago gbé ife omi gbígbóná rẹ̀ dání, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wo ọmọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Kò jowú rárá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ọ̀fun rẹ̀ fi sinmi. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọjá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ agbálẹ̀, ẹni yẹn ní, "Màmá, kí ni mo ṣe?" Ó ní, "O kọjá ni, o sì bá mi nínú ọpẹ́."

Ọjọ́ kẹwàá, Ọjọ́bọ̀ ni. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n gbé ìyàwó káfíńtà dé.

Káfíńtà yìí, gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ̀ ọ́n. Òun ló kan bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ń jókòó lé. Ọkùnrin aláwàdà ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Bàtà ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ló mú dání, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kíákíá sì ni. Ṣùgbọ́n òun ò lè la inú ẹnikẹ́ni láìsí àpò ẹ̀jẹ̀ méjì nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà sì jẹ́ O nẹ́gétíìfù, èyí tó wọ́n bí ojú. Ó bi Abánibéèrè. Abánibéèrè lọ, ó bọ̀. Ilé kìíní, oódo. Ilé kejì, oódo. Ilé kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà: oódo, oódo, oódo, oódo.

Dókítà nu ojú rẹ̀. "Kò sí níbì kankan. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ múra, a ó gbé wọn lọ sí ìlú kejì."

"Wákàtí mélòó ni?" káfíńtà béèrè.

"Mẹ́ta."

"Dókítà, ṣé ó lè dúró fún wákàtí mẹ́ta?"

Dókítà ké sí awakọ̀ pé kó yára.

Ìyá Aláago ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà náà. Ó wọlé, ó fi ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ilé kẹrin ní oódo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ilé kẹrin tí olùtọ́jú wọn ń fọ́nnu pé tí òun bá ṣí fíríìjì, àpò ẹ̀jẹ̀ á kí òun káàárọ̀? Ọdún mọ́kànlá, mi ò gba oódo lẹ́nu wọn rí. Ìyàwó! Ìyàwó dà?"

Ìyàwó sáré dé, awò ojú rẹ̀ ti yẹ̀.

"Ta ni Abánibéèrè bá sọ̀rọ̀ ní ilé kẹrin?"

Ìyàwó tẹ nǹkan méjì mẹ́ta, ó ka ohun tó jáde. "Ó pè wọ́n, Màámi. Ó dúró, wọn ò dáhùn. Ó wá kọ oódo."

"Wọn ò dáhùn, ó wá kọ oódo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ní kó kọ oódo?"

"Èmi ni. Inú ìwé yín ni mo ti rí i. Ibi tí ẹ ò bá kọ nǹkan kan sí, tí ẹ fi sílẹ̀ lófo, mo rò pé kò sí ni."

Ìyá gbé ọwọ́ lérí. "Háà! Ọmọ mi! Bó bá jẹ́ kò sí, oódo ni mo máa ń kọ. Ibi tó ṣófo, àwọn tí kò gbé aago ni! Mo fi àyè sílẹ̀ dè wọ́n ni. Màá padà sí wọn, màá tún padà, títí wọn á fi gbé e tàbí títí a ó fi rí ẹ̀jẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tí o kànlẹ̀kùn rẹ̀ tí kò yọjú, ṣé ó sọ fún ọ pé òun ò ní iyọ̀ nílé?"

Ojú Ìyàwó ṣú. Ó sáré tún wo ìyókù. Ilé márùn-ún dáhùn lóòótọ́, òótọ́ sì ni oódo tiwọn. Ilé kẹrin nìkan ni kò fọhùn.

"Dókítà," Ìyá sọ, "ẹ má tíì gbé obìnrin yẹn lọ síbì kankan. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Màmá, mo fún yín ní mẹ́wàá. Ọkọ̀ á máa dúró, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní kú."

Ìyá jókòó sídìí aago. Ó pe ilé kẹrin. Kò tilẹ̀ dún, ó dákẹ́ bí omi inú àmù. Ó tún pè é, kò dún. Ọ̀rọ̀ yìí ti ju orin lọ. Ẹ wá wo ohun tí ọdún mọ́kànlá ń ṣe fún èèyàn: Ìyá mọ̀ pé télọ̀ kan wà ní òdìkejì títì sí ilé kẹrin, nítorí pé olùtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa ń lọ tàkúrọ̀sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni Ìyá sì ti máa ń pè é. Ó tẹ nọ́ńbà télọ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá Aláago."

"Ìyá olórin! Ó tójọ́ mẹ́ta! Ẹ kọ ọ̀kan kí n..."

"Ọmọ mi, fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Fo títì, kí o lọ gbé fóònù yìí fún olùtọ́jú ẹ̀jẹ̀. Sáré bí ẹni tí ajá ń lé."

"Ìyá, wọn ò ní aago láti àárọ̀ o. Àwọn tó ń gbẹ́ títì ti gé wáyà wọn. Kọ̀ǹpútà, aago, gbogbo ẹ̀ ló kú."

"Mo mọ̀ báyìí. Sáré!"

Ìyá na ẹnu aago sí àwọn tó fún pọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ télọ̀ nínú fóònù, pà, pà, pà, wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan bú télọ̀, wọ́n gbọ́ ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ohùn olùtọ́jú ẹ̀jẹ̀ dé. Ìyá bi í léèrè, ó sì fọ́nnu bí ìṣe rẹ̀.

"O nẹ́gétíìfù? Ìyá, ṣé ẹ gbàgbé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni? Mẹ́rin ni mo ní!"

Ìyá bẹ́ sókè. Àga ṣubú. "Mẹ́rin! Ó ní mẹ́rin!" Káfíńtà fi bàtà ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ọkùnrin alùpùpù ilé ìwòsàn gbé àpótí yìnyín, ó jáde bí atẹ́gùn. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ó ti padà. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Káfíńtà jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ìyá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà le bí pákó.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, igbe ọmọ tuntun ta. Dókítà yọjú, ìbòjú rẹ̀ ti wà ní àgbọ̀n. "Obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ náà wà dáadáa, ó ti ń béèrè bàtà rẹ̀."

Àwọn kan pariwo, àwọn kan sunkún, káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ìyàwó nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ìyá wá a lọ. Yàrá kékeré ló ti bá a, ó gbé orí lé tábìlì, ó ń sunkún.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ọmọ ti ké, ìwọ náà tún ń ké?"

"Màámi, ká ní ẹ ò wọlé ni ńkọ́? Oódo tèmi ì bá ti pa èèyàn."

"Òótọ́ ni," Ìyá sọ, kò fi pamọ́ fún un. "Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsọ tèmi. Ìwọ ò béèrè, èmi ò sọ, àwa méjèèjì la jọ gbé e. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nu ojú rẹ. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

Ìyàwó nu awò ojú rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe."

"Ó dáa, tún un ṣe níṣojú mi. Mo fẹ́ rí i."

Wọ́n tún jókòó, orúnkún kan orúnkún. Kí oòrùn tó rọ̀, Abánibéèrè ti kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Tẹ́lẹ̀, iye àpò tàbí oódo nìkan ló mọ̀. Ní báyìí, bí ilé kan kò bá fọhùn, kò ní kọ oódo mọ́. Á kọ ọ́ ní àwọ̀ pupa pé "Wọn ò tíì dáhùn," á máa padà síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, á sì kọ nọ́ńbà ẹni tí èèyàn lè pè ní àdúgbò ibẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá ló ka àwọn nọ́ńbà náà jáde láti inú orí: télọ̀, obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kejì, bàbá aṣọ́nà ilé kẹfà tí kì í sùn. Ilé mẹ́fà, kò sí èyí tí Ìyá ò mọ aládùúgbò rẹ̀.

Ìyàwó wò ó tìyanu-tìyanu. "Màámi, èyí ò sí nínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni."

"Ó ti wà nínú tìrẹ báyìí. O ṣeun, ọmọ mi. O gba ọ̀fun mi là, o tún jẹ́ kí orí mi wúlò."

Nígbà tí wọ́n jáde, òórùn oúnjẹ ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n káfíńtà ti dé pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì ńlá, ẹ̀wà, ẹja díndín àti búrẹ́dì tó ṣì gbóná. Alásè ilé ìwòsàn kó gbogbo àwo tó ní jáde. Wọ́n to bẹ́ǹṣì káfíńtà yíká. Dókítà jẹun, agbálẹ̀ jẹun. Ọkùnrin alùpùpù jẹ àwo mẹ́ta, ó ní eré tí òun sá ló fà á. Télọ̀ àti olùtọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà dé, wọ́n ń jiyàn lórí ta ló gba ọmọ là, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ni tàbí ẹni tó ní ẹsẹ̀.

"Ẹ dákẹ́, ẹ jẹun," Ìyá sọ. Ó kó ẹja tó tóbi jù sínú àwo Ìyàwó. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó da orin sílẹ̀, wọ́n sì gbè é:

*A wá, a rí, a dúpẹ́ o,*
*Ilé tó fọhùn, a dúpẹ́.*
*Ẹni tó sáré, a dúpẹ́ o,*
*Ẹni tó béèrè, a dúpẹ́.*
*Ìyá yè, ọmọ yè,*
*Àwa tó kù, ẹ jẹ́ ká yó.*

Wọ́n yó lóòótọ́. Wọ́n fọ àwo, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì padà sáyè rẹ̀. Káfíńtà wọlé lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀. Télọ̀ gun ẹ̀yìn alùpùpù lọ, ó ń pariwo kí wọ́n rọra. Ìyá Aláago fi apá kọ́ apá ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyókù búrẹ́dì wà nínú àpò láàárín wọn fún ọkọ Ìyàwó tó wà nílé, àwọn méjèèjì sì ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ikùn tó kún, wọ́n ń gba ilé lọ.